Ilé Tí Òkun Wà Lókè Àjà

Ìdí ni Ẹ̀fúùfù kọ́kọ́ rí. Ẹ má wulẹ̀ wò mí bẹ́ẹ̀, arúgbó tó ti sin eyín tó pọ̀ tó tèmi kò ní ohun tó ń purọ́ fún. Kì í ṣe ojú, kì í ṣe ẹ̀rín. Ìdí ọkùnrin ni, tó yọ síta lábẹ́ tábìlì bí ìkòkò tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀.

Òjò ti na ọmọbìnrin náà láti àtàrí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Omi ń kán láti ara akoto rẹ̀ sílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù kótópó tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe lábẹ́ àtẹ̀gùn kan, fóònù tó ti dákú sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin ìdí!"

Ọkùnrin náà fò sókè, ó sì fi orí gbá tábìlì. "Yéè! Ta nìyẹn?"

"Oníbàárà ni. Fóònù mi ló mumi yó. Àdírẹ́sì gbogbo ẹrù tó wà lẹ́yìn alùpùpù mi wà nínú rẹ̀. Ẹ bá mi ṣe é kíá."

"Ẹ jókòó ná."

"Èmi kì í jókòó."

Òótọ́ ló sọ. Iṣẹ́ gbígbé ẹrù dé ilé oníbàárà ló ń ṣe, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló sì sọ ọ́ ní Ẹ̀fúùfù, torí pé kò sí ọ̀nà àbùjá tí kò mọ̀. Ọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe yìí sì rèé, ó ń tú ìdè fóònù náà jẹ́jẹ́, bí ìyá tó ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ọmọ. Ẹ̀fúùfù fẹ́ bú u. Ó wo ìka ọkùnrin náà, èébú náà sì pòórá lẹ́nu rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni fóònù rẹ̀ ti di olókùnrùn. Lónìí ó ní kò gbọ́ràn, lọ́la ó ní kò ríran.

"Fóònù yìí kò ṣàìsàn," ni ọkùnrin náà wí lọ́jọ́ kan.

"Ta ló wá ń ṣàìsàn?"

"Ẹni tó gbé e wá ni."

"Dókítà, ṣé ẹ ní oògùn rẹ̀?" Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí aládùúgbò fi kan ògiri mọ́ wọn.

Bí ìfẹ́ ti wọ̀ wọ́n lára tán ni ọkùnrin náà fi àṣírí rẹ̀ hàn án. Ó ti ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe géèmù kan látọdún mélòó kan. Nínú rẹ̀, ilé kan ni ènìyàn ń rìn kiri. Kò sí ọ̀tá, kò sí máàkì, kò sí àwòrán ọ̀nà. Ó gbé pádì tí wọ́n fi ń darí géèmù lé ọmọbìnrin náà lọ́wọ́.

Ẹ̀fúùfù gbá ilé náà mú bí ẹni pé oníbàárà ń dúró. Ó sáré gba pálọ̀ kọjá, ó já sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ya ọ̀tún, ó ya òsì, ó fi imú sọ ògiri.

"Ó ti tán?"

"Kò tíì bẹ̀rẹ̀."

"Olólùfẹ́ mi, ẹnikẹ́ni ò lé mi, èmi náà ò lé ẹnikẹ́ni. Kí ni mò ń sáré fún?"

"Ta ló ní kí o sáré?"

Ẹ̀fúùfù fi ẹnu kò ó lórí, ó bọ́ sórí alùpùpù. Nígbà tó délé, ó fi géèmù náà pa àwọn ará ilé lẹ́rìn-ín. Bàbá rẹ̀, tó ti fi ọjọ́ ayé rẹ̀ wa ọkọ̀ akẹ́rù, gbọ́, kò sì gbàgbé.

Ọjọ́ tí ọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe náà wá kí wọn nílé ni bàbá ṣí ìkòkò ọ̀rọ̀ náà.

"Ìwọ ni àgbàlagbà tó ń ṣeré ọmọdé nínú kọ̀ǹpútà?"

"Èmi ni, sà."

"Ọmọ mi fúnra rẹ̀ ló ní kò sí nǹkankan níbẹ̀."

Ọkùnrin náà wo Ẹ̀fúùfù. Ẹ̀fúùfù wo bàtà ara rẹ̀.

"Pa nǹkan yẹn rẹ́," ni bàbá wí, "kí o gbájú mọ́ iṣẹ́ gidi, kí o sì wá mú ìyàwó rẹ. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ilẹ̀kùn nìyẹn."

"Mo ti gbọ́, sà. Lọ́jọ́ Àìkú, màá pa á rẹ́."

Ó yẹ kí inú Ẹ̀fúùfù dùn. Àmọ́ nígbà tó sìn ín dé ìta, ó di apá rẹ̀ mú. "Ṣé ó dùn ọ́?"

"Ìwọ ni mo fẹ́."

"Ìyẹn kọ́ ni mo bi ọ́."

Ọkùnrin náà yí padà, ó gba ọ̀nà ilé rẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn Ẹ̀fúùfù. Nínú iṣẹ́ tirẹ̀, ènìyàn kì í tú ẹrù wò. Kó ṣáà ti dé, ó parí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló ṣe ilé inú géèmù náà: ó gbé e láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí ògiri, kò tú u wò, ó wá ń sọ fáráyé pé òfìfo ni.

Lọ́jọ́ Àìkú, ó ti dé ṣọ́ọ̀bù kí ọkùnrin náà tó tan kọ̀ǹpútà.

"Gbé pádì wá."

"O ti ní kò sí nǹkankan níbẹ̀."

"Irọ́ ni mo pa. Mi ò wò ó rárá. Gbé e wá, jàre!"

Ó fa àga, ó jókòó. Níbẹ̀rẹ̀, ara rẹ̀ kọ̀ ọ́. Ìka rẹ̀ ń yún láti sáré, ó fẹ́ ju pádì náà mọ́ ògiri. Ó ṣépè, ó sì tẹ̀ síwájú. Nígbà tó dé ibi tí ọ̀nà ti dí, ó dúró. Ó kàn dúró. Ògiri náà bẹ̀rẹ̀ sí í mí. Ó mí sínú, ó mí síta, ó lanu.

Àtẹ̀gùn wà lẹ́yìn rẹ̀, òkun sì wà lókè àjà, ó tẹ́ rẹrẹ, igi ń wẹ̀ nínú rẹ̀. Àwọn ẹja tó wọ kóòtù kọjá, wọ́n mi orí sí i. Ẹnìkan ti sá òṣùpá sórí okùn bí aṣọ tútù. Àwọn àga ń sún mọ́ ọn tí kò bá wò wọ́n, tó bá yíjú, wọ́n á máa ṣe ojú ayé.

"Níbo ni mo wà?"

"Ṣé kí n sọ fún ọ?"

"O ò gbọdọ̀ sọ!"

Ó dé ilé ìdáná kan tí kẹ́tù ti ń hó láìdáwọ́ dúró, èéfín rẹ̀ ń di ìkùukùu. Ife tíì kan wà lórí tábìlì, àga kan wà níwájú rẹ̀. Omi lé ròrò sójú Ẹ̀fúùfù. "Ìyá mi ò jókòó mu tíì rẹ̀ tán rí títí tó fi kú."

Ọkùnrin náà rọra fọwọ́ kan èjìká rẹ̀. "Ó ti tó. Jẹ́ kí n pa á rẹ́, mo ti ṣèlérí."

"Tí o bá pa á rẹ́, mi ò fẹ́ ọ mọ́."

"Tí mi ò bá pa á rẹ́, bàbá ò ní gbà."

"Bàbá? Màá pè wọ́n wá."

Bàbá wọ sálúbàtà dé, inú ń bí i. Ó gba pádì, ó wa ilé náà bí ọkọ̀ akẹ́rù, ó kọlu ògiri. "Ọ̀nà ti dí! Mi ò rí nǹkankan."

Ẹ̀fúùfù kò bá a jiyàn. Ó gba pádì padà, ó ń bá ìrìn rẹ̀ lọ.

Bàbá dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń retí ìjà. Ìjà kò dé. Kò pẹ́, kì í ṣe kọ̀ǹpútà ló ń wò mọ́, ọmọ rẹ̀ ló ń wò. Láti ìgbà tí wọ́n ti sin ìyá rẹ̀, orí ìdúró ni ọmọ yìí ti ń jẹun, ó ń sùn bí ẹni tó ń retí fèrè ọkọ̀. Òun rèé tó bọ́ bàtà, tó ká ẹsẹ̀ sórí àga, tí èjìká rẹ̀ wálẹ̀.

Bàbá hú ikọ́. "Ìwọ."

"Sà?"

"Ṣé ìwọ lo mú un jókòó?"

"Rárá, sà. Òun ló jókòó fúnra rẹ̀."

"Hùn." Ó fọwọ́ nu ojú, ó ní eruku ṣọ́ọ̀bù yìí ti pọ̀ jù. "Má pa á rẹ́. Kí ẹ̀yin méjèèjì sì tètè mú ọjọ́ ìgbéyàwó kí n tó yí ọkàn padà."

Nígbà tí sálúbàtà rẹ̀ ti dún lọ, Ẹ̀fúùfù gbé pádì sílẹ̀, ó di ọwọ́ ọkùnrin náà mú.

"Mo fi ọ́ ṣẹ̀sín níwájú àwọn èèyàn mi. Kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́. Ìwọ àti gbogbo ohun tó wà nínú orí rẹ, mo gbé yín pọ̀ bí ẹrù kan ṣoṣo."

"Ohun tó wà níbẹ̀ pọ̀ o. O ò tíì rí ìdajì rẹ̀."

"Ẹja oníkóòtù ti kí mi. Kí ló kù tó máa bà mí lẹ́rù?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, omi sì lé sójú rẹ̀. "Èmi náà gbé ọ, ìyàwó mi, pẹ̀lú gbogbo ìkánjú rẹ."