Ẹ̀gbọ́n Mínísítà Kò Tíì Kó Màálù Rẹ̀

Láàárọ̀ ọjọ́ tí omi dé, ọkùnrin tí gbogbo òpópónà wa ń pè ní Ẹ̀gbọ́n Mínísítà jókòó sórí àpótí kékeré tó fi ń fún wàrà. Garawa wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, fóònù wà lórí orúnkún rẹ̀. Ọwọ́ ń fún wàrà, ojú ń wo fóònù. Màálù tó ń fún gan-an yí ọrùn padà wò ó lẹ́ẹ̀mejì, bóyá ó rò pé ọ̀gá òun ń ṣàárẹ̀.

"Wọn ò tíì pè?" ìyàwó rẹ̀ bi í láti ẹnu ọ̀nà.

"Àwọn wo?"

"Ẹni tí ẹ̀ ń retí."

"Mi ò retí ẹnì kankan," ló wí. Ó tún wo fóònù.

Ìyàwó rẹ̀ ló sọ ìyẹn fún mi. Èyí tó kù ṣojú mi, torí èmi ni òṣìṣẹ́ ìlera ẹranko tí ìjọba rán sí àdúgbò náà. Èmi ni mò ń gun alùpùpù kiri, tí mò ń gún ẹran lábẹ́rẹ́, tí mò ń gbẹ̀bí ewúrẹ́. Dókítà ni wọ́n ń pè mí.

Orúkọ tí a ń pe ọkùnrin yìí tẹ́lẹ̀ ni Bàbá Oníwàrà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n fi àbúrò rẹ̀ obìnrin ṣe mínísítà tó ń bójú tó iṣẹ́ àgbẹ̀, ohun ọ̀sìn àti ọ̀rọ̀ omíyalé, orúkọ yẹn yí padà kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Ó sì ń jẹ́ ẹ tayọ̀tayọ̀. Lójú tiwa, mínísítà ni àbúrò rẹ̀. Lójú tirẹ̀, Kékeré ni, ọmọ tó pọ̀n sẹ́yìn, tó sì kọ́ ní bí wọ́n ṣe ń fún wàrà tí màálù kò fi ní tani nípàá.

Lọ́jọ́ tó ṣáájú, ní nǹkan bí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, fóònù gbogbo èèyàn àdúgbò dún lẹ́ẹ̀kan náà. Iṣẹ́ tí mínísítà rán kò gùn: omi odò ti ń ga sí i, kí gbogbo ẹni tó ń sin ẹran kó wọn lọ sí pápá ilé ẹ̀kọ́ tó wà lórí òkè kí agogo méjìlá ọ̀sán ọjọ́ kejì tó lù. Ìjọba ti ṣe ọgbà síbẹ̀, omi mímu àti koríko wà níbẹ̀. Ó tún fi kún un pé kí ẹnikẹ́ni má so ẹran mọ́lẹ̀. Rédíò náà kà á títí ó fi sú wa.

Síbẹ̀, nígbà tí mo gun alùpùpù wọ òpópónà ní agogo mẹ́jọ àárọ̀, kò sí ewúrẹ́ kankan tó tíì kúrò nílé.

Mo dúró lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀, ẹni tó ń sin àgùntàn sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó ń fá orí oníbàárà, ara rẹ̀ balẹ̀ pẹ̀sẹ̀.

"Ṣé ẹ ò rí iṣẹ́ tí wọ́n rán sórí fóònù ni?"

"A rí i, Dókítà. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n wa ṣì wà nílé. Tómi bá ń bọ̀ lóòótọ́, ṣé ọmọ ìyá mínísítà kọ́ ló máa kọ́kọ́ gbọ́?"

Mo tẹ̀ síwájú. Ìyá Aránṣọ, ìyá àgbà tó ń gbé nídojúkọ ilé Ẹ̀gbọ́n Mínísítà, jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń fẹsẹ̀ wa ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ó so ewúrẹ́ mẹ́rin mọ́ òpó ilé. Ewúrẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí lọmọ rẹ̀, àwọn náà lọmọọmọ rẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká máa lọ."

"Màá lọ, ọmọ mi. Ẹnu ọ̀nà wọn ni mò ń wò yìí. Tí màálù wọn bá ti jáde báyìí, èmi náà á dìde."

Kí n má parọ́, inú bí mi. Ó bí mi débi tí mo fi gbàgbé láti pa alùpùpù, tí mo fi wọ inú ọgbà màálù lọ.

"Dókítà, o ti dé," ni Ẹ̀gbọ́n Mínísítà wí. Ọ̀yàyà rẹ̀ fẹ́ tú ìbínú mi ká. Bó ṣe máa ń ṣe mí nìyẹn, ó ṣòro láti bínú sí ọkùnrin náà.

Mo wo àwọn màálù rẹ̀. Méje ni wọ́n. Èyí tó ń jẹ́ Arẹwà dúró sí kọ̀rọ̀, ikùn rẹ̀ rí gbẹ̀ǹdẹ̀kẹ̀, oyún rẹ̀ ti pé. Okùn méjì méjì ló wà lọ́rùn gbogbo wọn, wọ́n sì so wọ́n mọ́ èèkàn gírígírí.

"Bàbá, kí ni okùn méjì ń ṣe lọ́rùn ẹran?"

"Kí omi má bàa gbé wọn lọ ni. Bí bàbá wa ṣe ń ṣe nìyẹn. Bó o bá fẹ́ràn ẹran rẹ, wàá so ó dáadáa."

"Màálù mọ̀wẹ̀ ju èmi àti ẹ̀yin lọ. Èyí tí ẹ ò bá so máa wẹ̀ títí dé ibi tó ga. Èyí tí ẹ so, ibi tí okùn rẹ̀ mọ ló máa dúró sí, ibẹ̀ lomi á sì bá a."

Ó ń fi àtàǹpàkò nu ojú fóònù.

"Ẹ wá," mo ní. "Ẹ jẹ́ ká lọ wo odò."

Kò jìnnà. Ẹ̀yìn oko àgbàdo rẹ̀ ni. Òpó onírin tí ìjọba rì sínú odò wà níbẹ̀, wọ́n kùn ún ní àwọ̀ mẹ́ta. Omi ti bo àwọ̀ ewé, ó ti bo àwọ̀ ìyeyè, kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan lọ tó kù kó kan pupa, àwọ̀ ewu. Omi náà ti dọ́tí, ó ń gbé igi àti ike lọ.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe òpó ló ń wò. Àgbàdo rẹ̀ ló ń wò. Mínísítà ti ṣòfin pé kí gbogbo àgbẹ̀ fi ọgbọ̀n ìṣísẹ̀ sílẹ̀ létí odò, kí koríko àti igi hù síbẹ̀ láti di ilẹ̀ mú. Ìjọba fún wọn ní irúgbìn koríko náà lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì dára fún ẹran láti jẹ. Ọkùnrin yìí gba irúgbìn, ó tọ́jú ẹ̀ sábẹ́ ibùsùn, ó wá gbin àgbàdo títí dé ẹnu omi. Ebè méjì ti ya lulẹ̀ sínú odò.

"Mo ní àbúrò mi ló ṣòfin yẹn, kò lè mú èmi," ló wí jẹ́jẹ́.

"Kò mú yín náà, Bàbá. Odò ló mú yín."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Nígbà tí a padà dénú ọgbà, ó fẹ̀yìn ti ògiri.

"Ó yẹ kó pè mí," ló wí. Ẹ wá wo ohun tó ti ń jẹ ọkùnrin náà lọ́kàn láti àná. "Èmi tí mo pọ̀n ọ́n! Iṣẹ́ tó rán sí gbogbo ayé náà ló rán sí mi. Bọ́rọ̀ yìí bá le, ṣé kò ní pè mí ni?"

"Bó bá pe ẹ̀yin nìkan," mo ní, "kí la máa sọ fún Ìyá Aránṣọ?"

"Kí ló kan Ìyá Aránṣọ?"

"Ewúrẹ́ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lórí ìso, ó ń wo ẹnu ọ̀nà yín. Onígbàjámọ̀ náà ń wò yín. Gbogbo òpópónà yìí ò ka ohun tó wà lórí fóònù mọ́, màálù yín ni wọ́n ń kà. Wọ́n ní níwọ̀n ìgbà tí ẹ ò tíì lọ, omi ò lè dé."

Ó yọjú wo òpópónà.

Ìyàwó rẹ̀ ló dá sí i. "Bàbá wa, àgbà kì í wà lọ́jà, kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ bá Kékeré jà lọ́jọ́ mìíràn. Ẹ dìde."

Ó dìde. Ojú rẹ̀ ti yí padà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn, àmọ́ òjò ti rin okùn náà, kókó rẹ̀ ti le bí òkúta. Ọ̀bẹ ilé wọn ò mú. Ó sáré ré òpópónà kọjá, mo sì gbọ́ tó ń bẹ Ìyá Aránṣọ pé kó yá òun ní àlùmọ́gàjí.

Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ ìyá yìí, àlùmọ́gàjí rẹ̀ kì í gé bébà. Kì í gé òwú tí kì í ṣe tirẹ̀. Ó wo ojú ọkùnrin náà, ó wo okùn ọrùn ewúrẹ́ tirẹ̀, ó kọ́kọ́ gé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, lẹ́yìn náà ló nà án sí i.

"Ẹ má jẹ́ kó já bọ́ o."

Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, màálù méje ti jáde. Ẹ̀gbọ́n Mínísítà bọ́ sáàárín títì, ó fi ohùn tí mi ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí pariwo: "Màálù mi ń lọ o! Ẹ má wò mí mọ́, ẹ kó tiyín! Ẹ má so ọ̀kankan sílẹ̀ o!"

Ilẹ̀kùn ń ṣí gbàgà gbàgà. Ewúrẹ́, àgùntàn, adìyẹ nínú apẹ̀rẹ̀, ajá, gbogbo wọn gba ọ̀nà òkè. Arẹwà kò lè yára, ọkùnrin náà sì gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn, ó ń bá a rìn, ó ń pè é ní ìyá mi, ìyá dáadáa, díẹ̀ ló kù.

Agogo méjìlá ku díẹ̀ ni a dé pápá. Kò pẹ́ sí i ni omi dé. Láti òkè la ti rí i tó wọ òpópónà, tó wọ ọgbà màálù, tó ga dé ojú fèrèsé.

Onígbàjámọ̀ ló kọ́kọ́ sunkún. Àkókò kò tó fún un. Ó ti kó àgùntàn márùn-ún wá, ó fi àgbò ńlá sílẹ̀ lórí ìso, ó ní òun ń padà bọ̀ wá mú un. Ọjọ́ kẹta, nígbà tí omi fà, ibi tí okùn mọ la ti rí i.

Ẹ̀gbọ́n Mínísítà kò dúró dọjọ́ kẹta. Ojú ẹsẹ̀ ló lọ bá a. "Èmi ni mo gba àkókò rẹ. Bó bá jẹ́ pé mo lọ lánàá, àgbò rẹ á wà níbí. Ọmọ tí Arẹwà bá bí, tìẹ ni." Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó jẹ́wọ́ ẹ̀bi rẹ̀ láàárín ọ̀pọ̀ èèyàn tó ọkùnrin.

Ní ìrọ̀lẹ́, mínísítà fúnra rẹ̀ tẹ̀ lé ọkọ̀ tó kó koríko wá. Bàtà òjò ló wọ̀, ẹrẹ̀ mù ún dé orúnkún. Ó kí gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wo ẹran lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló kàn gbẹ̀yìn.

"Kékeré, o ò pè mí," ló wí.

"Mo pè yín, ẹ̀gbọ́n mi. Lánàá, lágogo mẹ́rin. Ṣé fóònù yín ò dún ni?"

"Ó dún. Ṣùgbọ́n ti gbogbo ayé náà dún."

"Ibi tí mo ti ní kí wọ́n má so ẹran mọ́lẹ̀, ta ni ẹ rò pé mò ń bá wí? Ta ni mo mọ̀ láyé yìí tó ń so màálù jù yín lọ? Ojú yín ni mò ń rò tí mo fi kọ ọ́."

Ọkùnrin náà fi apá gbá a mọ́ra, ẹrẹ̀ tòun ti ẹrẹ̀. Ó sunkún, kò sì fi pa mọ́.

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ ọ́ tààrà. Bí wọ́n bá kìlọ̀ pé omi ń bọ̀, ẹ tètè kó ẹran yín lọ sí ibi gíga, ẹ kọ́kọ́ mú àwọn tó lóyún àtàwọn ọmọ kéékèèké, torí wọn kì í yára. Ẹ má so ẹran mọ́lẹ̀ láé. Bí àyè kò bá sí láti kó wọn lọ, ẹ gé okùn, ẹ ṣí ilẹ̀kùn ọgbà, kí ẹ sì gba ẹ̀mí ara yín là; ẹ má padà sínú omi nítorí ẹran. Etí odò kì í ṣe ilẹ̀ ebè, ẹ fi í sílẹ̀ fún koríko. Ẹ má sì dúró dìgbà tí ẹni ńlá kan bá kọ́kọ́ lọ. Ó lè jẹ́ pé ìpè lòun náà ń dúró dè.

Bí fóònù gbogbo àdúgbò bá dún lẹ́ẹ̀kan náà, má wo ojú ẹnikẹ́ni. Ìwọ ni wọ́n ń pè.