Ìyàwó Tó Sọ̀kalẹ̀ Lẹ́ẹ̀mejì

Ẹ má ṣe rò pé mò ń fi ọ̀rọ̀ ṣeré. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Obìnrin tó ṣẹlẹ̀ sí ṣì wà láàyè, òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé inú ọgbà ilé VGC, ẹ sì lè ti bá a pàdé rí lójú ọ̀nà Àjá.

Àníọlá ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ilé Akínsànyà. Gbogbo ẹbí wọn ló mọ̀ pé ìyàwó bàbá ńlá wọn wá láti ilẹ̀ Faransé. Ayé ìgbà tí àwọn òyìnbó oníṣòwò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tẹ̀dó sétí òkun ni. Akínsànyà, bàbá ńlá náà, bá wọn wọkọ̀ lọ sí òkè òkun, ó fẹ́ obìnrin kan lọ́hùn-ún, ó wá ṣíwájú wálé láti kọ́lé dè é. Ohun tí wọ́n mọ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọn kò mọ orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Nínú àwọn ibojì ìsàlẹ̀ Ìbẹ́jú, wọn kò mọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la títì tuntun ní ìsàlẹ̀ Ìbẹ́jú. Katakata ti dé ẹ̀gbẹ́ àwọn ibojì àtijọ́. Bàbá Àníọlá, tí àìsàn ti dá dùbúlẹ̀, ránṣẹ́ pè é.

"Lọ wá ìyá wa kí wọ́n tó da yanrìn bò ó," ni bàbá wí. "N kò fẹ́ dé ọ̀run kó bi mí léèrè. Béèrè Ìyá Sàdíátù. Òun ló dàgbà jù ní abúlé yẹn."

Ọ̀sán gangan ni Àníọlá débẹ̀. Oòrùn mú. Ewé àgbọn kò mì. Àwọn apẹja ti sá àwọ̀n wọn sórí yanrìn, kò sì sí ẹnì kankan nídìí rẹ̀. Ó wo òkun. Ó ń rí ìgbì. Ìgbì ń fọ́ sétí yanrìn. Kò gbọ́ ìró kankan.

Ìyá Sàdíátù jókòó sábẹ́ àgbọn, wọ́n ń bó edé. Àníọlá kúnlẹ̀.

"Ẹ kúulé o, Màmá."

Ìyá gbójú sókè. Wọ́n wò ó pẹ́.

"Kí lo gbàgbé?"

"Mà?"

"Kí lo gbàgbé tí o fi padà wá?"

"Màmá, n kò wá síbí rí. Ọmọ Akínsànyà ni mí. Ibojì ìyá wa tó wá láti Faransé ni mò ń wá."

"Bí o ṣe wí láàárọ̀ náà nìyẹn. Orí àpótí yẹn lo jókòó sí. O mu omi."

Ife kan wà lórí àpótí náà. Ìpara ètè ti kàn án létí. Àníọlá fọwọ́ kan ètè ara rẹ̀.

Ogbó ló ń da Màmá láàmú, ó wí nínú ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀.

"Ẹ ṣàánú mi, Màmá. Ẹ tún un sọ."

Ìyá mí kanlẹ̀. Wọ́n ní ọkọ̀ ojú omi dé, wọ́n fi ọkọ̀ kékeré gbé ìyàwó wá sí èbúté, ó sọ̀kalẹ̀, Akínsànyà mú un lọ sílé. Ẹ̀ẹ̀rùn kò tíì parí tí ọkọ̀ ojú omi mìíràn fi dé. Akínsànyà bá àwọn èèyàn lọ wòran. Ìyàwó rẹ̀ tún sọ̀kalẹ̀. Ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ni. Èyí tó wà nílé náà jáde wá sétí òkun. Àwọn méjèèjì dúró, wọ́n ń wo ara wọn. Kò sẹ́ni tó pariwo nínú wọn.

"Ojú kan náà?"

"Ojú kan náà. Ohùn kan náà. Ọkọ wọn kò mọ èyí tí yóò lé."

"Èwo ló bí wa?"

"Ibojì kan ṣoṣo la ní. Ó wà lábẹ́ igi fúrúùtù yẹn."

"Èkejì ńkọ́?"

Ìyá mú edé mìíràn.

"O bi mí láàárọ̀. Mo dá ọ lóhùn."

"Ẹ tún un sọ fún mi."

"Rárá o. Ẹni tó wá láàárọ̀ bẹ̀ mí kí n má sọ fún ọ."

 Àníọlá dìde, ó lọ sídìí igi fúrúùtù. Òkúta ni wọ́n tò sórí ibojì náà. Ipa ẹsẹ̀ tuntun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó bọ́ bàtà, ó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ sínú ipa náà. Ó bá a mu rẹ́gí.

Kò mọ bó ṣe wakọ̀ délé. Ní géètì VGC, ẹ̀ṣọ́ tẹjú mọ́ ọn.

"Ẹ kú àbọ̀, mà. N kò rí yín nígbà tí ẹ tún jáde."

Ó wakọ̀ kọjá géètì. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà ilé, ó gbọ́ ẹ̀rín Ọláṣẹ̀hìndé, ọkọ rẹ̀. Obìnrin kan ń bá a rẹ́rìn-ín. Àníọlá mọ ẹ̀rín náà. Ó kan ilẹ̀kùn.

"Mò ń bọ̀," ni obìnrin náà wí.

Ẹsẹ̀ ń bọ̀. Wọ́n yí kọ́kọ́rọ́. Ilẹ̀kùn ṣí. Kò sí ẹnì kankan lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ọláṣẹ̀hìndé jókòó sídìí tábìlì. Àwo ẹ̀wà àti dòdò méjì wà níwájú rẹ̀. Èèfín ń rú lára méjèèjì, wọ́n ti jẹ ọ̀kan dé ìdajì.

"Ta ló kanlẹ̀kùn?" ló bi í. "Kí lo dúró síta bí àlejò sí?"

Àníọlá fẹ́ sọ̀rọ̀. Ẹ̀wà wà lẹ́nu rẹ̀. Ó jẹ ẹ́, ó gbé e mì. Lẹ́yìn náà ó wọlé, ó jókòó, ó jẹ èyí tó kù, nítorí kò mọ ohun mìíràn tó lè ṣe.

Wọ́n ti kó egungun ìyá náà lọ sí ibòmíràn báyìí. Ọkàn bàbá balẹ̀. Nígbà tí Àníọlá ròyìn fún un tán, bàbá bi í léèrè.

"Èkejì wá ńkọ́?"

Àníọlá la ẹnu. Ìdáhùn náà wà níbẹ̀, ó mọ́ kedere. Ó tún pa ẹnu dé.

"Ẹnì kan bẹ̀bẹ̀ pé kí a má sọ."

"Ta ni?"

Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Ó dà bíi pé èmi ni, Dádì."