Ẹni Tó Ń Bá Abọ́sẹ̀dé Sọ̀rọ̀

Ilẹ̀ mọ́, Dúrósinmí ò jí. Ibà alẹ́ àná, ọrùn gan, ó parí. Ibà kan náà ló mú Abọ́sẹ̀dé, àbúrò rẹ̀. Ìyẹn yè é, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, ẹ pè é títí, kò ní wẹ̀yìn. Fọlákẹ́, ìyá wọn, ò sunkún. Ó kàn ń gbálẹ̀ ibi tó ti gbá tẹ́lẹ̀.

Kí ni ará Ìgbó-Ọrà ò ní wí? Wọ́n ní Àpèkẹ́, ìyáálé Fọlákẹ́ tí kò bímọ, ló pa ọ̀kan, tó sì dí ìkejì létí. Òwìwí ké lórí ilé wọn. Ẹ̀rí dé nìyẹn! Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Fọlákẹ́ fúnra rẹ̀ bá òun àti Abọ́sẹ̀dé lẹ́yìn ààrò. Àpèkẹ́ fẹsẹ̀ janlẹ̀, Abọ́sẹ̀dé yíjú sí i. Àpèkẹ́ ń juwọ́, ọmọ náà ń juwọ́ padà, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀ ń mú un wọ ẹgbẹ́ àjẹ́ yín!"

"Mò ń bá a sọ̀rọ̀ ni," Àpèkẹ́ dáhùn.

"Ọ̀rọ̀ wo? Ṣebí ẹnu yín pa dé!"

Àkànó, ọkọ wọn, ò wádìí. Ó lé Àpèkẹ́ lọ sílé bàbá rẹ̀ ní Ìdèrè.

Àjẹ́ lọ tán, etí ò ṣí.

Ọdún iléèwé dé. Abọ́sẹ̀dé gbé ọwọ́ gba orí kọjá, ó di etí òdìkejì mú, bí wọ́n ṣe ń wọn ọmọ nígbà náà. Ọwọ́ tó o. Ṣùgbọ́n tíṣà pe orúkọ rẹ̀ títí, kò jẹ́.

"Ẹ mú un lọlé, màmá."

Fọlákẹ́ gbé e lọ ọsibítù. Dókítà lu agolo lẹ́yìn ọmọ náà, kò mira.

"Ibà tó pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ba etí rẹ̀ jẹ́," ó ní. "Kò sẹ́ni tó ṣe é. Iléèwé adití wà n'Ìbàdàn. Wọ́n á gbà á, bí ẹni tó máa ń bá a sọ̀rọ̀ nílé bá lè bá a gbé níbẹ̀ títí ara rẹ̀ á fi balẹ̀. Ta ni?"

Fọlákẹ́ tó bí i ò mọ bí wọ́n ṣe ń bi í bóyá ebi ń pa á.

Ó wọkọ̀ lọ sí Ìdèrè. Ó bá Àpèkẹ́ níbi tó ti ń bó pákí, ó kúnlẹ̀, ó rò ó fún un.

"Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́."

"Ṣé àjẹ́ lo wá pè?"

Àpèkẹ́ bó pákí ọwọ́ rẹ̀ tán, ó ṣanwọ́.

"N ó tẹ̀lé ọmọ mi dé Ìbàdàn. Bí wọ́n bá gba ọlidé, ọ̀dọ̀ mi níbí ni yóò máa bọ̀. Ilé Àkànó, n ò wọ̀ ọ́ mọ́."

Fọlákẹ́ gbọ́ "ọmọ mi" yẹn. Kò jiyàn.

"Mo gbọ́, ìyá mi."