Àmì Dúdú Gìgísẹ̀ Mojísọ́lá

Bí ìsìn bá parí ní ìjọ aláṣọ funfun kan ní Ìbá, ẹnu ẹ̀rọ omi ẹ̀gbẹ́ géètì ni àwọn obìnrin máa ń kọ́kọ́ yà sí. Ẹni tó bá wọ sùtánà kì í wọ bàtà, nítorí náà ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n máa ń rìn láti ilé dé ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n á fọ eruku ẹsẹ̀ dànù, wọ́n á sì máa fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́.

Ní ọjọ́ Àìkú kan, Mojísọ́lá aránṣọ gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé orí kọnkéré, ó ń fi kànìnkànìn fọ gìgísẹ̀. Ibẹ̀ ni Sístà Àjíkẹ́ ti rí i. Nọ́ọ̀sì ni Sístà Àjíkẹ́, ojú rẹ̀ kì í sì í sinmi lára èèyàn.

"Mojí, kí ló wà ní gìgísẹ̀ rẹ yẹn?"

"Ilẹ̀ gbígbóná ló jó mi, mà. Ọ̀dà títì Òkòkòmaikò yìí náà ni. Ó ti pẹ́."

"Jẹ́ n wò ó."

Àmì dúdú kan ni, ó fẹ̀ ju bọ́tìnnì kóòtù lọ. Etí rẹ̀ kò gún. Apá kan dúdú kirikiri, apá kan pọ́n rẹ́súrẹ́sú, àárín rẹ̀ sì ti bó, ó ń ṣomi.

"Ṣé ó ń tóbi sí i?"

Mojísọ́lá rẹ́rìn-ín. "Ó ń tóbi, ṣùgbọ́n mo máa ń fá a. Bíléèdì tí mo fi ń tú aṣọ tí mo bá rán wọ́, òun ni mo fi ń fá a. Tí mo bá ti fá a, á mọ́ díẹ̀, á tún padà wá."

Sístà Àjíkẹ́ kò bá a rẹ́rìn-ín. "Má fá a mọ́. Lọ́la, èmi àti ìwọ la jọ ń lọ sí ọsibítù."

Àtẹ́lẹsẹ̀ tí a fi ń tẹ ilẹ̀ kiri láti àárọ̀ dalẹ́, ta ló máa ń bẹ̀ ẹ́ wò nínú wa? Ojú la máa ń wò nínú dígí. Mojísọ́lá náà kò ṣe ju tiwa lọ.

Ní ọsibítù, dókítà ọ̀dọ́ kan tó ń jẹ́ Sherif fi abẹ́rẹ́ pa ojú ibẹ̀ kú, ó gé bíńtín lára àmì náà, ó sì fi ránṣẹ́ síbi tí wọ́n ti ń yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tí èsì dé, ó ní kí Mojísọ́lá jókòó.

"Mà, jẹjẹrẹ awọ ara ni. Irú èyí máa ń fara pamọ́ sí àtẹ́lẹsẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ àti abẹ́ èékánná àwa aláwọ̀ dúdú. Ilẹ̀ gbígbóná kọ́ ló fà á. Ẹ kò sì ṣẹ ẹnikẹ́ni. A ní láti ṣe iṣẹ́ abẹ, ká gé e kúrò, a ò sì gbọdọ̀ fi falẹ̀."

Mojísọ́lá wo ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀. Maṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ ló fi ń jẹun. Ẹsẹ̀ ọ̀tún yìí gan-an ló fi ń wà á. Bí wọ́n bá gé ẹsẹ̀ náà ń kọ́? Bí wọn ò bá sì gé nǹkan kan, tí àrùn náà wọ inú ara ń kọ́? Ẹ̀rù bà á gidigidi, ó sì sunkún nínú kẹ̀kẹ́ títí ó fi délé.

Ó bá ọkọ rẹ̀, Ládépọ̀, nílé pẹ̀lú Màmá Òkè, àgbà obìnrin inú ìjọ wọn tó ń gbé yàrá kejì. Nígbà tó ṣàlàyé tán, Màmá Òkè mi orí.

"Ó tẹ nǹkan ni. Ẹsẹ̀ lásán tó ń rìn kiri ló ṣe pàdé iṣẹ́ ayé. Àti pé jẹjẹrẹ kì í fẹ́ irin. Bí irin bá kàn án pẹ́nrẹ́n, gbogbo ara ló máa tàn ká."

Ládépọ̀ kò lè wo ojú ìyàwó rẹ̀. "Mojí, jẹ́ ká fi òróró àdúrà pa á fún oṣù mélòó kan ná. Ká máa wò ó."

Mojísọ́lá nu ojú rẹ̀. Ẹ̀rù ṣì ń bà á, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ irin yẹn ti wọ̀ ọ́ létí.

"Màmá, ẹ má bínú sí mi. Bí irin ò bá gbọdọ̀ kàn án, ta ló ti ń fi bíléèdì fá a láti ọdún tó kọjá? Èmi náà ni. Orí rẹ̀ lásán ni mo ń gé, mo fi gbòǹgbò sílẹ̀ kó máa jẹun lọ. Irin ti kàn án ná. Irin ẹni tó mọ ibi tí gbòǹgbò wà ni mo fẹ́ báyìí. Ẹ máa bá mi gbàdúrà, màá sì máa ṣàmín lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù."

"Tí wọ́n bá gé ẹsẹ̀ rẹ ń kọ́?" Ládépọ̀ béèrè.

"Dádì Tolú, ẹ bá mi lọ, kí ẹ fi ẹnu ara yín bi dókítà."

Ládépọ̀ bá a lọ lóòótọ́. Kò tiẹ̀ tíì jókòó dáadáa tó fi béèrè.

"A ò ní gé ẹsẹ̀, sà," ni Dókítà Sherif wí. "Àmì yẹn la máa gé, pẹ̀lú awọ tó dára díẹ̀ tó yí i ká àti ẹran abẹ́ rẹ̀, kí gbòǹgbò má bàa ṣẹ́ kù. Abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn la máa fún wọn, ara á kú láti ìbàdí lọ sísàlẹ̀ fún wákàtí díẹ̀. Wọ́n lè mọ̀ pé a ń fa nǹkan, àmọ́ kò ní dùn wọ́n."

"Ihò tí ẹ máa dá síbẹ̀ ń kọ́?"

"A máa bẹ́ awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lára itan, a ó fi lẹ̀ ẹ́. A ó tún yọ ọ̀kan lára àwọn kókó tó máa ń wà lábẹ́ itan gbogbo èèyàn, ká yẹ̀ ẹ́ wò bóyá àrùn ti ya ibẹ̀. Mi ò ní purọ́ fún yín, sà. Tó bá ti ya ibẹ̀, ìtọ́jú míì á tẹ̀ lé e. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sáré."

Ládépọ̀ wo ìyàwó rẹ̀ lójú. "Ẹ ṣe é fún wa."

Wọ́n ṣe é. Mojísọ́lá ń gbọ́ tí àwọn dókítà ń sọ̀rọ̀, ó ń kọrin ìjọ lábẹ́lẹ̀, kò sì dùn ún. Ìgbà tí agbára abẹ́rẹ́ náà tán ló tó mọ̀ pé iṣẹ́ ti ṣẹlẹ̀. Ohun tó yà á lẹ́nu ni pé itan tí wọ́n ti bẹ́ awọ ló ta á ju gìgísẹ̀ lọ. Sístà Àjíkẹ́ ní bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí, ó sì rí i dájú pé ó ń lo oògùn ìrora bí wọ́n ṣe kọ ọ́.

Èyí tó le jù ni ìjókòó. Fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀. Ó ń gbé e lé ìrọ̀rí, omi kò gbọdọ̀ kàn án, ọ̀pá ló sì fi ń rìn lọ sílé ìgbọ̀nsẹ̀. Ládépọ̀ ń fi kẹ̀kẹ́ Márúwá gbé e lọ pààrọ̀ báńdéèjì. Wọ́n ti kìlọ̀ fún un pé bó bá rí ọyún, tó gbọ́ òórùn, tí ara rẹ̀ gbóná, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ kò dá, kó má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún un.

Èsì jáde: etí ibi tí wọ́n gé mọ́ tónítóní, kókó abẹ́ itan náà mọ́, kò sí àrùn níbẹ̀. Ládépọ̀ ló kọ́kọ́ sunkún. Síbẹ̀, dókítà ní kí ó máa padà wá fún àyẹ̀wò fún ọdún mélòó kan, nítorí jẹjẹrẹ a máa yọ́ padà wá. Ó ní awọ tuntun náà kò ní nípọn bíi ti tẹ́lẹ̀ láé, kò sì gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ lásán rìn mọ́.

Ó dùn ún wọra, torí bàtà ò bá sùtánà rìn. Ó wọ gáùn funfun lásán àti bàtà rírọ̀ lọ sí ìpàdé àwọn obìnrin ìjọ. Àwọn kan ń wo bàtà náà. Ó dìde.

"Mo mọ ohun tí ẹ ń wò. Màá sọ ìdí rẹ̀ fún yín. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ jókòó sórí ẹní. Kí oníkálukú yí àtẹ́lẹsẹ̀ sókè, kí ẹnì kejì bá a wò ó."

Wọ́n ń wo ara wọn, ojú ń tì wọ́n. Màmá Òkè ló kọ́kọ́ na ẹsẹ̀ tirẹ̀ síwájú. "Wo tèmi dáadáa, Mojí. Ojú mi ò ríran tó bẹ́ẹ̀ mọ́."

Ẹ̀yin èèyàn wa ní Ọ̀jọ́, ní Ìbá àti ní Òkòkòmaikò, kì í ṣe gbogbo àmì dúdú ni jẹjẹrẹ. Ṣùgbọ́n àmì tó ń tóbi, tí àwọ̀ rẹ̀ ń yí padà, tó ń ṣẹ̀jẹ̀, tàbí egbò tó kọ̀ tí kò jinná, ẹ má fá a, ẹ má da omi bátìrì sí i, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù. Ìlà dúdú tó ń fẹ̀ lábẹ́ èékánná náà kì í ṣe ohun àfojúfò. Ẹ̀yin tí ẹ bí àfín, tiwọn tún yàtọ̀: oòrùn gan-an ni ọ̀tá awọ wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa dé fìlà, kí wọ́n máa wọ aṣọ tó bo apá, kí dókítà sì máa yẹ̀ wọ́n wò.

Láti kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ìgbà tí àmì ṣì kéré ni iṣẹ́ abẹ rẹ̀ máa ń rọrùn, ìgbà yẹn náà la lè gba ẹsẹ̀ àti ẹ̀mí là. Bí ẹ bá ti ka èyí tán, ẹ bọ́ bàtà yín, kí ẹ wo àtẹ́lẹsẹ̀ yín.