Ilà Tí Omi Ò Gbọdọ̀ Kàn

Ọwọ́ òsì ni Mùnírù fi na igbá omi sí Mùjíbátù níbi tó ti ń yan gàrí l'Ákínyẹlé. Ọmọge ò gbà á.

"Ọ̀gbẹ́ni, èmi lò ń nawọ́ òsì sí?"

"Má bínú, arẹwà. Ara ọ̀tún ni ò yá." Ó ká apá bùbá sókè. Kókó kan le gbagidi nísàlẹ̀ ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, ó tó ọsàn.

Ojú ti Mùjíbátù. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti wọ ara wọn bí omi ṣe í wọ gàrí.

Jẹjẹrẹ ni kókó yìí. Dókítà àkọ́kọ́ ní kí wọ́n gé apá náà. Kí wá ni àgbẹ̀ bíi Mùnírù fẹ́ fi kọ ebè? Ṣùgbọ́n ìyá dókítà kan ní ọsibítù ńlá n'Íbàdàn ní, "A ó kọ́kọ́ fi ìtànṣán ẹ̀rọ jó o, kó lè súnkì. Lẹ́yìn náà la ó fi abẹ yọ kókó, apá á sì kù." Wọ́n fa ilà aró sí i lápá, ibi tí ẹ̀rọ yóò máa wò. "Omi ò gbọdọ̀ kàn án o!"

Ni bàbá Mùjíbátù, Bàbá Sàníù, ladáàní mọ́ṣáláṣí, bá rí Mùnírù lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ń ṣe àlùwàlá láìfọ apá ọ̀tún.

"Ẹni tí ò mọ àlùwàlá ni yóò fẹ́ ọmọ mi? Kò ṣẹlẹ̀ rí!"

Ó dun Mùnírù wọra. Nígbà tí Jímọ̀ mìíràn pé, ó bu omi, ó fọ apá náà dé ìgbọ̀nwọ́, lójú bàbá.

"Ilà dà?" ni Mùjíbátù bi í nírọ̀lẹ́.

"Mo fi tọrọ rẹ ni."

"Wèrè ni ọ́, olólùfẹ́ mi! Wọ́n á wá gé e!" Ẹkún ló sun dé ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀, ó tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Bàbá Sàníù gbá orí mú. "Ah! Erùpẹ̀ ni aláìsàn ń fi ṣe àlùwàlá. Kí ló dé tí ò sọ?"

"Bàbá, ẹ ò bi í."

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò tíì mọ́ tán tí Bàbá Sàníù fúnra wọn fi gbé Mùnírù wọ mọ́tò lọ sí Ìbàdàn.

"Ìyá dókítà, ẹ̀bi mi ni. Ẹ má gé e."

Ìyá dókítà rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀. A ya àwòrán ibẹ̀ pa mọ́. A ó tún un fà."

Wọ́n tún un fà. Ẹ̀rọ jó kókó náà títí ó fi rọ̀. Nígbà tí ara simi díẹ̀, abẹ yọ ọ́ tán pátá. Ojú abẹ pẹ́ kó tó jiná, ṣùgbọ́n àwọn ìka ń ká, wọ́n ń nà.

Bàbá Sàníù fúnra wọn ló mú ọjọ́ yìgì. Nígbà tí àlejò yìgì tú ká, Mùjíbátù gbé orí lé apá náà.

"Ṣé kò dùn ọ́?"

"Orí ẹ ló wúwo."

Mùjíbátù gbọ́ bí iṣan apá náà ṣe ń sọ kìkì lábẹ́ etí rẹ̀. Ó mí kanlẹ̀, kò sì gbé orí kúrò.