Agolo Bísíkíìtì Inú Ìdánwò

"Bí a ṣe ń kan ọ̀rọ̀ pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ ní èdè wa, àti bí a ṣe ń gé e sí sílébù. Iṣẹ́ yín nìyẹn," ni Gunnvor olùkọ́ wí. "Òní lẹ ó fi múra, ọ̀la ni ìdánwò àfẹnusọ. Ẹni tó bá fẹ́ ìrànlọ́wọ́, mo wà níbí títí ilẹ̀ á fi ṣú."

"Gunnvor, oṣù kẹfà la wà yìí o, oòrùn kì í wọ̀ lọ́dọ̀ wa! Ṣé ẹ fẹ́ sun ibí di oṣù kẹjọ tí ilẹ̀ á ṣú ni?" ni ọmọ kan ké láti ẹ̀yìn.

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Tiril náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ eré ìtàgé tó wà ní ìlú Tromsø ló fẹ́ lọ, máàkì rẹ̀ sì kù díẹ̀ káàtó. Bí ó bá gba márùn-ún nínú mẹ́fà lọ́la, ó wọlé. Bí kò bá rí i gbà, ilé ẹ̀kọ́ òdìkejì omi ló ń dúró dè é, wọn kì í sì í kọ́ eré ìtàgé níbẹ̀.

Oda ọ̀rẹ́ rẹ̀ fà á lápá. "O fẹ́ jókòó sí kíláàsì nínú irú oòrùn yìí? Sọ́sééjì ti wà létí omi o!"

"Ìdánwò ńkọ́?"

"Ìdánwò wo? Ṣebí Sivert ẹ̀gbọ́n ẹ ṣe irú ẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Ní kó fi tiẹ̀ ránṣẹ́. Àbí o ti di ìyá àgbà ni?"

Sivert, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ tó ń gbé ní Straumnes, kò fi nǹkan falẹ̀. Ó fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀. "Mẹ́fà ni mo gbà," ló kọ sí i. "Kà á kó yọ̀ mọ́ ẹ lẹ́nu, ó ti parí nìyẹn."

Tiril yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan. Àwòrán tó gbẹ̀yìn jẹ́ ti agolo bísíkíìtì kan pẹ̀lú ìdérí rẹ̀. Kjeksbokslokk ni wọ́n kọ sí i lórí: bísíkíìtì, agolo àti ìdérí, tí wọ́n kàn pọ̀ di ọ̀rọ̀ kan gbọọrọ. Ó rọrùn lójú rẹ̀. Ó bọ́ sínú omi pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ní kíláàsì, Gunnvor ń ṣàlàyé fún ìwọ̀nba àwọn tó dúró nípa lẹ́tà kéékèèké tó máa ń wà láàárín ọ̀rọ̀ méjì tí a kàn pọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, olùdánwò kan jókòó ti Gunnvor. Ọdọọdún ni olùdánwò máa ń wá láti ilé ẹ̀kọ́ tó múlé tì wọ́n. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Tiril náà mọ̀ ọ́n, kò kàn ro ó dénú.

"Arnfinn lorúkọ mi," ni ọkùnrin náà wí. "Straumnes ni mo ti ń kọ́ni."

Ilé ẹ̀kọ́ tí Sivert ti ṣe ìdánwò tiẹ̀ nìyẹn. Tiril lè dúró níbẹ̀ kó sọ òótọ́, ṣùgbọ́n ó rò ó pé olùkọ́ pọ̀ ní Straumnes. Ó ń ka iṣẹ́ náà lọ geere lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ títí ó fi dé orí àwòrán tó gbẹ̀yìn. Ó wá tún fi iyọ̀ sí i.

"Agolo ilé wa rèé. Ilé ìdáná wa ni mo ti ya fọ́tò ẹ̀ lánàá."

Arnfinn wọ awò ojú rẹ̀. "Ìdérí yẹn tẹ̀."

"Àbúrò mi ló jù ú mọ́lẹ̀."

"Rárá o. Èmi ni mo jókòó lé e. Orí tábìlì mi ní Straumnes ló wà. Bísíkíìtì ajá mi ló wà nínú ẹ̀."

Gunnvor kọjú sí fèrèsé. Ìtìjú bo Tiril, ojú rẹ̀ pọ́n dé etí.

"Pa ẹ̀rọ yẹn dé," ni Arnfinn wí. Kò jágbe. "A ò tíì parí. Mú ọ̀rọ̀ kan tó jẹ́ tìẹ gan-an wá, kó o gé e."

Ọ̀rọ̀ tí ìyá rẹ̀ máa ń sọ ní àràárọ̀ ló wá sí i lẹ́nu: arbeidsplass, ibi iṣẹ́. Ó pàtẹ́wọ́ sí i bí àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ṣe máa ń ṣe. "Ar-beids-plass."

"Ó dáa. Lẹ́tà s tó wà láàárín yẹn ńkọ́? Kí ló wá ṣe níbẹ̀?"

Tiril wo Gunnvor. Gunnvor wo ilẹ̀.

"Mi ò mọ̀," ni Tiril wí nígbẹ̀yìn. "Iṣẹ́ Sivert ni mo kà. Etí omi ni mo wà lánàá."

Méjì ni wọ́n fún un. Nígbà tí wọ́n jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, Gunnvor gbé ọwọ́ lé e léjìká. "Sílébù tó o pàtẹ́wọ́ sí yẹn dáa gan-an, Tiril. Ó kàn dùn mí pé òun nìkan ni tìẹ."

Tiril sunkún délé. Tromsø ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní oṣù kẹjọ, ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí òdìkejì. Kò pẹ́ tí wọ́n fún wọn ní iṣẹ́ àṣetiléwá tó le. Ọmọkùnrin tó jókòó tì í na tiẹ̀ sí i. "Gbà, dà á kọ. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

"O ṣeun. Màá ṣe tèmi."

Ó ti wá yé e pé ẹni tó gba iṣẹ́ oníṣẹ́ kò tíì kọ́ nǹkan kan, àti pé ìbéèrè kan ṣoṣo ló máa tú u fó. Mẹ́ta ló gbà nínú iṣẹ́ náà. Nígbà tí olùkọ́ ní kó wá ṣàlàyé rẹ̀, ó dìde, ó sì ṣàlàyé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, títí kan ibi tó ti ṣì í.