Ìdáhùn Màmá Àsúmáù

Alága ìgbìmọ̀ lóṣòó síwájú bẹ́ǹṣì gígùn kan nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìsọ̀, kí ojú rẹ̀ lè ṣe déédéé ojú àwọn ìyá àgbà tí ó jókòó síbẹ̀. Obìnrin òyìnbó tí ó ní sùúrù ni, ó sì na àwòrán ńlá kan sí wọn. Yusrah dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, òun sì ni ìgbìmọ̀ tí ó ń darí àtúnṣe àárín ìlú ní Peckham, ní London, yàn láti ṣojú àwọn ọ̀dọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kí ó ṣe ògbufọ̀.

"Sọ fún ìyá rẹ àgbà," ni alága wí, "pé a fẹ́ wó ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìsọ̀ yìí, kí a sì kọ́ tuntun. Ilé orin àwọn ọ̀dọ́ yóò wà níbí gan-an, ilé kọfí yóò sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí àwọn tí ó ń lo ibí kò bá fẹ́, a kò ní ṣe é."

Yusrah túmọ̀ rẹ̀ láìfi ohunkóhun sílẹ̀. Ìyá Làtíìfù fi ìgbọ̀nwọ́ gún ọ̀rẹ́ rẹ̀, Màmá Àsúmáù, ìyá bàbá Yusrah, ní ìhà.

"Àníkẹ́, ṣé o gbọ́? Kọfí ni wọ́n fẹ́ fi rọ́pò wa!"

Uncle Yẹ̀kínì, télọ̀ tí bẹ́ǹṣì náà wà níwájú ìsọ̀ rẹ̀, bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn ẹ̀rọ ìránṣọ. "Ìyá Làtíìfù, bí wọ́n bá fi ẹ̀yin gan-an se kọfí náà, ẹni tó bá mu ún kò ní fojú ba oorun fún ọ̀sẹ̀ kan!"

Màmá Àsúmáù gbọ́wọ́ sókè láti dá wọn lẹ́kun. Ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe, ó wo àlejò náà pẹ̀lú ojú àánú, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. A ti gbọ́ ohun tí ẹ bá wá. Ọlọ́run yóò fọ̀nà hàn yín."

Yusrah mọ ohun tí ìdáhùn yẹn jẹ́. Nígbà tí àwọn ẹbí kan wá tọrọ àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin, irú rẹ̀ gan-an ni Màmá fún wọn, pẹ̀lú oúnjẹ àti omi tútù. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n lọ, wọn kò sì padà wá mọ́. Nínú ilé wọn, àgbà kì í kọ̀ fún àlejò lójúkojú. Ẹni tí ó bá gbà yóò sọ pé òun gbà. Ẹni tí ó bá ní òun ti gbọ́, tí ó sì fi àdúrà tì í, ó ti kọ̀.

"Kí ni wọ́n wí?" ni alága béèrè.

Yusrah gbójú sókè. Ó rí Jordan, ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí ó fẹ̀yìn ti ògiri lódìkejì, tí ó ń wò ó láìṣẹ́jú. Ó ti pẹ́ tí àwọn méjèèjì ti ń kọrin ní ibi tí a ti ń wọ bọ́ọ̀sì àti lábẹ́ àtẹ̀gùn ilé alájà púpọ̀, tí àwọn onílé sì ń lé wọn bí ẹni ń lé ẹyẹlé. Ibi kan tí ẹnikẹ́ni kò ní lé wọn kúrò, ibi kan tí ohùn wọn yóò ti dún dé òpin rẹ̀: ohun tí ọkàn Yusrah ń fà sí nìyẹn.

"Wọ́n ní iṣẹ́ náà dára," ó ní. "Wọ́n fara mọ́ ọn."

Uncle Yẹ̀kínì ti padà sídìí ìránṣọ, ariwo ẹ̀rọ kò jẹ́ kí ó gbọ́. Ojú alága tàn. Màmá rí i, ó sì yà á lẹ́nu. "Yusrah, ṣé ó gbọ́ ohun tí mo sọ?"

"Ó gbọ́, Màmá."

Bí Yusrah ti ń lọ sílé, ó fi òwe tí Màmá fúnra rẹ̀ kọ́ ọ tu ọkàn rẹ̀ nínú: bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ.

Nígbà tí ewé igi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀, wọ́n fi pákó gíga yí ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà ká, wọ́n sì wó o. Uncle Yẹ̀kínì kó ẹ̀rọ rẹ̀ lọ sí Old Kent Road, sí ẹ̀yìn ibi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò. Ìyá Làtíìfù, tí ó máa ń wọ bọ́ọ̀sì wá láti Stockwell nítorí bẹ́ǹṣì yẹn nìkan, kò wá mọ́. Kò pẹ́ tí ó fi tẹ Màmá láago pé òun ń padà sí Ìwó pátápátá. "Àníkẹ́, kí ni mo tún ń jókòó dè nínú òtútù?" ó ní.

Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tí ó tún pe Màmá ní Àníkẹ́. Màmá ni nínú ilé, Grandma ni lẹ́nu àwọn ọmọ kékeré, Mrs. ni lọ́dọ̀ dókítà. Ṣùgbọ́n oríkì ẹni, ẹgbẹ́ ẹni àti ẹni tó ju ni lọ ló ń pè é, ilé tí Màmá wà kò sì ní ọ̀kankan nínú wọn. Ní ọ̀sán gbogbo, yóò wẹ̀, yóò lé tìróò, yóò wọ ìborùn, yóò wá jókòó sẹ́bàá fèrèsé.

"Màmá, ṣé ẹ ń jáde ni?" ni Yusrah máa ń béèrè bí ó bá ti iléèwé dé.

"Rárá o. Mo kàn múra ni."

Lọ́jọ́ kan, láìyí ojú kúrò ní fèrèsé, Màmá ní, "Èmi ni mo jẹ̀bi, Yusrah. Ó yẹ kí n ti sọ fún obìnrin yẹn pé rárá. Ojú ló tì mí. Mo rò pé yóò yé e. Wo bí mo ṣe fi ẹnu ara mi lé ọ̀rẹ́ mi lọ."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Yusrah lára bí ọ̀bẹ. Ó kúnlẹ̀. "Màmá, ẹ ò jẹ̀bi. Mo mọ̀ pé ẹ ò fẹ́ ẹ. Èmi ni mo sọ fún wọn pé ẹ gbà."

Màmá yí ojú kúrò ní fèrèsé, ó wò ó.

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi," Yusrah ń sunkún, "pé bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú..."

"A ó fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹnu la fi ń tún un ṣe, a kì í pa iṣẹ́ náà dà. Ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Ta ló rán ọ lọ́jọ́ yẹn? Ṣé èmi ni, àbí ilé orin?"

Yusrah nu ojú rẹ̀. "Màá lọ sọ òtítọ́ fún wọn, Màmá," ó ní.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ tún máa pàdé nínú gbọ̀ngàn ilé ìkàwé, Jordan di apá aṣọ Yusrah mú lẹ́nu ọ̀nà. "Fam, ọ̀rẹ́ mi, má ṣe é. Wọ́n á gba ilé orin wa, I swear."

"Kì í ṣe tiwa, Jordan. Ẹnu Màmá ni mo ti jí i."

Ó wọlé, ó dìde láàárín gbogbo wọn, ó sì sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Alága wò ó títí. "Ọ̀rọ̀ tí o sọ fún wa la fi ṣe ìpinnu, Yusrah," ó ní jẹ́ẹ́.

Wọ́n gba ipò rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì fi Uncle Yẹ̀kínì sínú ìgbìmọ̀. Ohun tí a ti wó, a ti wó o. Ṣùgbọ́n wọ́n gé ilé orin náà sí méjì, wọ́n sì ya ìdajì rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ìjókòó àwọn àgbà. Jordan kò bá Yusrah sọ̀rọ̀ títí òtútù fi kásẹ̀ nílẹ̀.

Nígbà tí alága fẹ́ gba ìmọ̀ràn lórí àga tuntun, Màmá ní, "Yusrah ni yóò ṣe ògbufọ̀ mi. Kí Yẹ̀kínì dúró tì í, kí ó máa gbọ́."

Màmá jókòó sórí àga náà, ó fẹ̀yìn tì í, ó yínmú. "Sọ fún un pé àga yìí le bí ọkàn onílé."

Yusrah wo Uncle Yẹ̀kínì. Uncle Yẹ̀kínì mi orí sí i pé kí ó sọ ọ́. Yusrah sọ ọ́ bí ó ti rí. Alága rẹ́rìn-ín, ó sì ṣèlérí èyí tí ó rọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

"Ó dára," ni Màmá wí. Ó fọwọ́ pa àyè òfìfo tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Ṣùgbọ́n ta ni yóò bá mi jókòó sí i?"

"Kí ni wọ́n wí?" ni alága béèrè.

Ì bá rọrùn láti sọ pé Màmá dúpẹ́. Ṣùgbọ́n Yusrah túmọ̀ gbogbo rẹ̀. Kò sí ohun tí ìgbìmọ̀ lè kọ́ sí àyè yẹn.

Níbẹ̀ ni ó ti yé Yusrah pé a lè tún ilé tí a wó kọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí irọ́ wa ti lé lọ kì í bá ilé náà padà. Ẹni tí a bá fi ọ̀rọ̀ rán, kí ó jẹ́ ẹ bí a ti rán an, kódà bí òtítọ́ náà yóò bá gba ohun tí ọkàn rẹ̀ ń fẹ́ jùlọ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.